Ẹni Tó Mọ Ohùn Fàdákà

Ìgò náà ti ṣófo. Ó jókòó sórí tábìlì ilé ìdáná, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀, owó fàdákà ló kún inú rẹ̀. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ ni.

Ẹni tó ni owó náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀, ti sunkún débi pé ewúrẹ́ ilé kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú omijé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò sunkún ní tirẹ̀. Ẹrù ló ń dì.

"Ó ní èmi ni mo jí i," ni ìyàwó wí. "Bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọn ò rí owó yẹn, ilé bàbá mi ni mò ń lọ. Kí ẹ̀rọ tó fi ń wá irin nínú ilẹ̀ máa se oúnjẹ fún un."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè ni àgbàlagbà obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ṣé-Lóòótọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ló fi ń jẹun. Wọ́n ní ó bi olè kan léèrè nígbà kan, olè náà jẹ́wọ́ tirẹ̀, ó jẹ́wọ́ ti bàbá rẹ̀, ó tún jẹ́wọ́ èyí tí ọmọ inú oyún ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá dá.

Màmá fa àga. "Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Má fi ata sí i, má fi iyọ̀ sí i."

Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ nu imú. "Mo gbé ẹ̀rọ awárin mi lọ sí pápá láàárọ̀, Màmá. Ó bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rọ ló sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ ju ìyàwó mi lọ."

"Mo gbọ́ o," ni ìyàwó wí láti inú yàrá.

Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Nọ́ńbà ló máa ń yọ lójú rẹ̀, Màmá. Bó bá rí irin tó dípẹtà, á kùn bí ẹlẹ́dẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á kéré. Bó bá rí òjé, á dé nǹkan bí ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n fàdákà, orin ló ń kọ. Á kọjá ọgọ́rin. Ẹ gbé e gba ọ̀tún, ẹ gbé e gba òsì, ohùn kan náà ni."

"Kò sí nǹkan mìíràn tó ń kọjá ọgọ́rin?"

"Agolo wà. Ṣùgbọ́n aláriwo ni agolo. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ sókè dé ìbàdí, á ṣì máa lọgun. Owó ò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé e sókè díẹ̀, á dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé."

"Ṣé o gbé ẹ̀rọ lé àwọn owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Rárá, Màmá. Inú ihò kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra sí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ka nọ́ńbà, mo gbẹ́ ẹ, mo fi omi ṣàn án, mo dà á sínú ìgò. Ta ló ń bi ọmọ tuntun léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe?"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo lọ síwájú ilé, mo ń ròyìn fún àwọn ará àdúgbò."

"Ó ròyìn títí oòrùn fi ń wá àga tí yóò jókòó lé," ni ìyàwó wí. Ó ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Gbogbo ayé ló wà níbẹ̀. Èèrà pàápàá tò wá gbọ́. Tíṣà nìkan ni mi ò rí."

Tíṣà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó kọ́ Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ.

Màmá lọ wo ilé ìdáná. Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Eruku bo ojú fèrèsé náà, àfi àárín, ibi tí ìdí èèyàn ti gbá mọ́.

Ó padà wá bá ìyàwó. "Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni pé o ń jowú ẹ̀rọ yìí?"

"Mo ń jowú rẹ̀, Màmá. Kí ni mo fẹ́ purọ́ fún? Bí òtútù bá mú, ẹ̀rọ ló máa ń fi aṣọ ìbora bò. Èmi á máa gbọ̀n títí eyín mi á fi máa kí ara wọn. Ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó wa. Ó ní ẹ̀rọ ń gbọ́ òrùka náà, pé ó ń dà á láàmú lẹ́nu iṣẹ́. Òrùka fàdákà tí mo fọwọ́ ara mi fi sí i níka. Inú ife tó fi ń fọ eyín ló wà."

"Kí lo ń fẹ́ ṣe fún ẹ̀rọ náà?"

"Kànga ni mi ò bá jù ú sí. Màá fi òkúta lé e."

Màmá bojú wo yàrá. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ó fara balẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Màmá mi orí. Ẹni tó ń jowú orogún kì í jí ìkòkò orogún kó fi orogún fúnra rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó kan àbúrò Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀, tó fara ti ògiri ilé ìdáná, tó ki ọwọ́ bọ àpò bí ẹni tó di ológbò mú síbẹ̀.

"Inú ẹ dùn sí owó tí ẹ̀gbọ́n ẹ rí?"

"Kò dùn, Màmá. Bọ̀ọ̀dá ní ilé, wọ́n ní ìyàwó, wọ́n tún wá rí fàdákà. Èmi, bí mo bá gbẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń rí."

"Kí ló wà lápò ẹ?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Ṣé lóòótọ́? Ẹ gbé ẹ̀rọ wá."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ síbi àpò náà. Ó lọgun. Nọ́ńbà kọjá ọgọ́rin. Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ ti na ọwọ́ sí ọrùn àbúrò rẹ̀ kí Màmá tó ní, "Dúró. Gbé e jìnnà sí i."

Ó gbé e jìnnà. Ẹ̀rọ ṣì ń lọgun bí ẹni tí oyin ta lẹ́nu.

"Ṣé ohùn owó nìyẹn?"

Ojú ti Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀. "Agolo ni, Màmá."

Àbúrò fa agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan yọ, ó ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. "Mo mu ún nínú fìríìjì yín, Bọ̀ọ̀dá. Mo ní kí n lo àǹfààní èrò."

"Ìwọ nìyẹn," ni ìyàwó wí. "Mo ti ń ṣépè fún eku láti ọdún tó kọjá."

"Nígbà tó o ń mu ún, ta lo rí?" ni Màmá bi í.

"Mo gbọ́ tí èèyàn gba fèrèsé wọlé. Mo sá sábẹ́ tábìlì. Bàtà òjò ẹlẹ́rẹ̀ nìkan ni mo rí. Irú èyí tí Bọ̀ọ̀dá fi ń lọ gbẹ́lẹ̀. Mo rò pé àwọn ni, mo di èémí mú."

Ẹ̀yìn ọgbà ni ilé Tíṣà wà. Màmá ní kí Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ gbé ẹ̀rọ tẹ̀ lé òun, kó dúró síta. Ìṣó tó dípẹtà ló kún igun àgbàlá náà, òkìtì rẹ̀ ga débi pé àwọsánmọ̀ ń yà fún un.

Tíṣà jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"O ò wá wo owó ọmọ iṣẹ́ ẹ."

"Mi ò fojú kàn án, mi ò sì fẹ́ fojú kàn án. Ta ló kọ́ ọ? Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣó àti ṣíbí. Ó dòní, wọ́n ń pariwo fàdákà, fàdákà. Ọ̀kan nínú rẹ̀ gan-an, òjé ni. Wọ́n kàn fi fàdákà pa á lára. Nọ́ńbà rẹ̀ ò ju ọgọ́ta lọ."

"Ṣé lóòótọ́?" ni Màmá wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bèèrè omi mímu.

Ó jáde lọ bá Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀. "Èwo nínú owó ẹ ni òjé?"

"Òjé kẹ̀? Màmá, ẹ má ṣépè fún mi. Bákan náà ni gbogbo wọn ń dán."

"Ojú ò lè dá a mọ̀?"

"Ojú kankan ò lè dá a mọ̀. Àfi kéèyàn gbé ẹ̀rọ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Gbé ẹ̀rọ ẹ wọlé."

Tíṣà ò janpata. "Ẹ wá a. Ẹ tú òrùlé bó bá wù yín." Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ gbé ẹ̀rọ yí àgbàlá ká. Kò dún. Ó gbé e lé òkìtì ìṣó. Kò dún síbẹ̀ pẹ̀lú.

"Kí ló dé tí kò kùn bí ẹlẹ́dẹ̀?" ni Màmá bèèrè. "Ṣé ìṣó kì í ṣe irin mọ́ ni?"

"Mo ti di etí rẹ̀ sí irin, Màmá. Bí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣó á yà mí ní wèrè."

"Ta ló kọ́ ẹ kó o máa di etí rẹ̀?"

"Tíṣà ni."

"Ṣí i."

Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kan. Ẹ̀rọ kùn bí agbo ẹlẹ́dẹ̀ tí ebi ń pa. Ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó ń rọra. Láàárín ìkùn náà, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ. Nọ́ńbà fò láti ìsàlẹ̀, ó kọjá ọgọ́rin, ó tún já lulẹ̀.

"Màmá," ni Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ wí. "Fàdákà wà lábẹ́ irin yìí."

Tíṣà sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Inú ìbọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ti bá a, lábẹ́ ìṣó. Màmá ní kí wọ́n tò wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní kọrin, ó kọjá ọgọ́rin. Èkejì kọrin. Gbogbo wọn ń kọrin, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ìyẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ọgọ́ta.

"Tíṣà," ni Màmá wí, "o ní o ò fojú kan owó yìí rí. Ẹni tó ni ín ò mọ̀ pé òjé wà nínú rẹ̀. Ojú ò sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nìkan ló lè mọ̀. O gba fèrèsé wọlé nígbà tí gbogbo èèyàn wà níwájú ilé. O fi irin bo fàdákà, nítorí o mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ ẹ máa ń di etí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìwọ lo kọ́ ọ. Ṣé lóòótọ́?"

Tíṣà wolẹ̀. "Mi ò fẹ́ tà á, Màmá. Láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ́lẹ̀, ìdérí ìgò ni mò ń rí. Ìdérí ìgò tí mo ti rí tó láti bo òkun. Ọmọ tí mo kọ́ wá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kó fàdákà. Ìró rẹ̀ dé àgbàlá mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàtà rẹ̀. Mo ń retí orúkọ mi. Kò dá a."

"Kí lo wá gbé ẹ̀rọ lé wọn fún?"

"Mò ń wá àbùkù. Nígbà tí mo rí òjé yẹn, inú mi dùn ju ti gbogbo fàdákà lọ." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bojú. "Mi ò lè pa á mọ́ra."

Ọlọ́pàá méjì ló mú un lọ. Nígbà tó kọjá lára Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ò lè wò ó lójú. "Ó yẹ kí n ti dárúkọ yín, Ọ̀gá," ló wí.

Ìyàwó ti gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n padà dé. Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ gbé owó àti ẹ̀rọ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìyàwó fo ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, ó gbé ẹ̀rọ. Gbogbo èèyàn rò pé kànga ló ń lọ.

Orí ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ ló gbé e sí. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Kò rí nǹkan kan," ló wí.

Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ dìde, ó sáré wọlé. Wọ́n gbọ́ tí ife ṣubú. Ó padà wá, ọṣẹ ìfọyín ṣì wà lára òrùka, ó na ọwọ́ síwájú.

Ìyàwó gbé ẹ̀rọ gba ọ̀tún. Ó kọrin. Ó gbé e gba òsì. Ohùn kan náà ni.

"Ṣé lóòótọ́?" ni ìyàwó bi ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ó gbé ẹrù obìnrin náà, ó dá a padà sínú yàrá.