Ẹ̀rín Ìyá Victorine

Nígbà tí gbogbo èrò abúlé Ita-Djèbou dìde tí wọ́n ń sá kúrò níwájú aṣọ sinimá, obìnrin méjì péré ló kù lórí ìjókòó, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń rín. Ọ̀kan dàgbà, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́, ó gbórí lé èjìká àgbà náà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ẹ̀rín lójú. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara aṣọ wá bà á lójú, ó bà á léyín. Crépin tó mú míkírò lọ́wọ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Òyìnbó inú sinimá ń pariwo lásán, kò sẹ́ni tó bá a túmọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Crépin ń ṣe fún yín. Ọmọ Ọdẹ́wálé ni, àgbẹ̀ ní Towé, ilé tí wọ́n ṣì ń bọ ohun tí baba wọn bọ. Oko kò wù ú. Pobè ló ń gbé, ó ní ẹ̀rọ tó ń ta àwòrán sára aṣọ, ó ní ẹ̀rọ iná, ó ń kó wọn sẹ́yìn alùpùpù káàkiri abúlé. Òótọ́ ni pé sinimá ti wà nínú fóònù gbogbo ayé báyìí, ṣùgbọ́n ti Crépin yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti ń sọ Faransé lójú aṣọ, òun a máa fi èdè wa sọ ọ́ láti inú míkírò, a sì máa fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹnu rẹ̀ làwọn èèyàn ń wá gbọ́. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń wú u lórí díẹ̀.

Sinimá ọdún yẹn, tọmọdé tàgbà ló wà fún. Wọ́n ní nílùú òyìnbó, àwọn párìkì kan wà tí èèyàn máa ń wọ ọkọ̀ kékeré, ọkọ̀ náà á gbé e gba inú ilé òkùnkùn kọjá, kí àwọn òkú àtọwọ́dá dẹ́rù bà á, kó tó já síta. Inú irú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti fa ìtàn sinimá náà yọ. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì wọ ọkọ̀, ọkọ̀ kọ̀ kò já síta, òkú tòótọ́ ló wá ń kí wọn káàbọ̀. Ní Pobè, àwọn ọmọ ilé-ìwé pàtẹ́wọ́ títí. Ní Towé, àwọn àgbà bínú: kí ló dé tí bàbá yẹn kò kí àwọn òkú kó tó kọjá láàárín wọn? Arúgbó kan tilẹ̀ dìde, ó ta omi sílẹ̀ níwájú aṣọ. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo ni wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ kan náà, pé ta lorí rẹ̀ pé tó ń fowó ra ẹ̀rù?

Ibi tí èrò Ita-Djèbou ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá ni ibi tí àwọn òkú ti tò jáde pẹ̀lú aṣọ funfun balẹ̀, láìwọ bàtà, pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, tí wọ́n wá kọjú sí èrò. Kí èrò má baà tú mọ́ ọn lọ́wọ́, Crépin sọ sínú míkírò pé, "Ẹ fààyè sílẹ̀ o, ìjọ aláṣọ funfun ló ń bọ̀ láti ìsọjí, ebi sì ń pa wọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá àwọn obìnrin méjì náà dúró.

Nígbà tó ń ká aṣọ rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n wá bá a. Àgbà náà ní kó má fi ẹ̀rín pa òun, pé tí ìjọ àwọn bá gbọ́ ibi tí òun wà lónìí, wọ́n á fa òun létí. Ìyá Victorine ni, àwọn ará ìjọ a máa pè é ní Màmá Françoise. Èkejì ni Victorine ọmọ rẹ̀. Aṣọ sinimá ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "òkú yín méjì ni kò lórí. Aṣọ yín ló ya lókè níbẹ̀ yẹn. Aránṣọ ni mí ní Sakété. Ẹ gbé e wá."

Ó gbé e lọ. Victorine rán an. Kò pẹ́ tí aṣọ tún ya, ó tún gbé e lọ. Ìgbà tó gbé e lọ lẹ́ẹ̀kẹta, Victorine na ojú ibi tó ya sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó wo Crépin.

"Ògbufọ̀, aṣọ tó bá fúnra rẹ̀ ya kì í lọ tààrà báyìí. Kí lẹ fi gé e?"

"Abẹ," ni Crépin wí. Kí ni yóò tún máa pa mọ́?

Ẹ̀rín náà tún dé, èyí tó gbọ́ ní Ita-Djèbou gan-an. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́, Ògbufọ̀ mi ló ń pè é. Òun ló rán aṣọ sinimá tuntun fún un, nínú irú aṣọ funfun tó fi ń rán sùtánà fáwọn ará ìjọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ká a, àwọn méjèèjì á di etí rẹ̀ mú, wọ́n á máa rìn pàdé ara wọn títí ọwọ́ á fi kan ọwọ́, wọn kì í sì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Bàbá Victorine ni kò gbà. Bàbá Eustache jẹ́ àgbà ìjọ, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Ọmọ Towé, ọmọ ilé ìbọ, tó tún ń fi òkú dá àwọn èèyàn lára yá kó tó jẹun? Ó ní rárá. Ìyá Victorine ló ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí àwọn ọmọ fi ọkọ òun sílẹ̀ fún òun, òun mọ ibi tó ti ń rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òjò ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Sùtánà tí Victorine fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un ni wọ́n wọ̀ fún un lọ sínú ilẹ̀, bí ìṣe ìjọ wọn. Crépin dúró lẹ́yìn èrò lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é wá síwájú.

Ẹ̀bẹ̀ òkú le ju ti alààyè lọ. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀, Bàbá Eustache ní kò burú, òun á wá wo iṣẹ́ ọmọkùnrin náà fúnra òun ní Sakété. Bí ó bá rí èèyàn nínú rẹ̀, kí àwọn àgbà Towé wá tọrọ ọmọ. Bí kò bá rí, kí wọ́n má ṣe bá òun sọ ọ́ mọ́. Gbogbo ohun tí Crépin ń wá láyé wà nínú sinimá kan ṣoṣo yẹn.

Èrò Sakété kì í ṣe èrò abúlé. Wọ́n ti ọjà dé, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n ká apá jókòó. Ọkọ̀ wọ ilé òkùnkùn, wọn ò mira. Òkú bú jáde, ẹnì kan yán. Àágùn bo Crépin. Ó wo ìlà ìjókòó àkọ́kọ́, ó rí Bàbá Eustache nínú sùtánà, láti ilé àdúrà ló ti wá láìwọ bàtà, Victorine jókòó tì í. Crépin wá rántí ọ̀rọ̀ kan tí kò já a kulẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ tó fún un ní Victorine. Àwọn òkú tò jáde pẹ̀lú àbẹ́là. Ó gbé míkírò sẹ́nu.

"Ẹ fààyè sílẹ̀ o, ìjọ aláṣọ funfun ló ń bọ̀ láti ìsọjí..."

Sakété bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in débi tí àga fi ń ṣubú. Crépin yíjú wá ẹ̀rín Victorine láàárín wọn. Bàbá Eustache ti dìde. Sùtánà rẹ̀ funfun lójú ìmọ́lẹ̀ bíi tàwọn òkú ojú aṣọ, àwọn kan sì ń nawọ́ sí i, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Ó gba àárín wọn kọjá láìwọ bàtà. Victorine tẹ̀ lé e. Kò wẹ̀yìn.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn àgbà Towé lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá Eustache fún wọn ní omi, ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì ní, "Ìyàwó mi wà lára àwọn tó ń tò lọ yẹn. Ẹ rọra padà sílé." Crépin fúnra rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Victorine, ó dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Victorine kò dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bínú sí," ó ní. "Èmi náà ló kọ́kọ́ rín in. Èmi àti Màmá la jọ rín in. N ò mọ̀ pé aṣọ tí mo máa fi sin ín ni mò ń rẹ́rìn-ín sí."

Crépin padà sí Pobè. Ó ń fi sinimá hàn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ gan-an ló ń túmọ̀, kò fi iyọ̀ sí i mọ́. Àwọn èèyàn ní ẹnu rẹ̀ ti kú, wọ́n padà sídìí fóònù wọn. Ó kó aṣọ sinimá rán sí ẹni tó rán an, ó lọ sí oko baba rẹ̀ ní Towé, ó ń kọ ebè ẹ̀gẹ́ tí kò wù ú láti ọmọdé. Ó dùn ún, kò sì rí ẹni bá wí.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìrántí ọdún Màmá Françoise tán, Bàbá Eustache ránṣẹ́ pè é. Ọ̀sán ni, bàbá náà nìkan ló wà ní pálọ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tí bàbá fi béèrè.

"Victorine sọ fún mi pé ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín ní Ita-Djèbou. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Báwo ló ṣe rín in?"

Crépin rò pé ìdájọ́ ni. Ó gbójú sókè, ó sì rí i pé bàbá arúgbó náà ń bẹ òun ni. Ó wá sọ fún un. Ó ní ó kọ́kọ́ fi etí sùtánà bo ẹnu, kò lè mú un mọ́ra, ó fọwọ́ lu itan. Ó ní ẹ̀rín náà já láàárín bí ìgbà tí òsúkè gbé èèyàn, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó ń pe Jésù kó gba òun.

"Ó ń já láàárín," ni Bàbá Eustache wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rín in nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí mo ti di àgbà ìjọ ni n ò ti gbọ́ ọ mọ́. Mo rò pé ó ti gbàgbé rẹ̀ ni." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ó gbé e lọ rín níwájú rẹ. Lọ bá ọmọ mi ní ẹ̀yìnkùlé. Bó bá gbà, mo ti gbà."

Aṣọ sinimá ló wà lórí okùn, Victorine ti fọ̀ ọ́. Victorine fúnra rẹ̀ ti rù. Ó wo ọwọ́ Crépin tí ọkọ́ ti bó.

"Crépin," ó ní, kò pè é ní Ògbufọ̀. "Bó bá jẹ́ ẹ̀rín Ita-Djèbou lo wá mú, kò sí nílé. Mo sin ín pẹ̀lú Màmá. Ṣùgbọ́n èmi tó kù yìí, mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Bó o bá lè fẹ́ èyí tó kù, mo wà níbí."

Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu Crépin. Ì bá wí pé èyí tó kù ti tó òun, ṣùgbọ́n irọ́ ni, Victorine á sì mọ̀. Ó di etí aṣọ náà mú, Victorine di ìkejì mú, wọ́n ká a, wọ́n rìn pàdé ara wọn. Ọwọ́ kan ọwọ́.

"Màá fẹ́ ọ," ni Crépin wí.

Ìgbà ìkórè àgbàdo ni wọ́n so wọ́n pọ̀ nínú ìjọ ní Sakété. Àwọn àgbà Towé wá, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ bẹ Crépin títí pé kó gba míkírò, kó fi ẹnu rẹ̀ dá àwọn lára yá bíi ti tẹ́lẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbi ìdáná. Ẹ̀rín náà já láàárín, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Crépin yíjú kíá. Bàbá Eustache náà yíjú. Obìnrin kan ni, àlejò, wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì tún dojú kọ oúnjẹ wọn. Victorine kò yíjú rárá. Ó bu ẹran sórí àwo ọkọ rẹ̀, ó ní kó jẹun kó tó tutù.