Olùkọ́ Tí Ó Gbé Agogo Àdúrà Lu Bàbá Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá mọ̀wé, jókòó kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ Zechariah Adédoyin, ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí o kò bá sì mọ̀wé, gbọ́ ọ náà, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kì í béèrè ìwé ẹ̀rí kí ó tó wọlé tọ ènìyàn.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Igi gẹdú ni ó ń là nínú igbó Mamu. Èjìká bàbá yìí ti tẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Òyìnbó.

Ní London, Zechariah kó sínú ìwé. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tú ìsàlẹ̀ ọkàn ènìyàn wò bí ẹni ń tú àpò. Àwọn mìíràn ń wádìí bí ẹ̀sìn Ísírẹ́lì àtijọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan pa ìwádìí méjèèjì pọ̀. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn ọmọ kan pawọ́ pọ̀ pa bàbá wọn, ẹ̀rù àti àbámọ̀ sì mú kí wọ́n máa sin òkú náà. Ó ní láti ibẹ̀ ni Ọlọ́run Ísírẹ́lì ti wá. Àbá ni ẹni tí ó kọ ọ́ pè é. Zechariah sọ ọ́ di ọ̀kọ̀.

Nígbà tí ó padà dé, tí ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ọ̀kọ̀ náà ni ó fi ń gún gbogbo ènìyàn. Bí bàbá rẹ̀ bá kúnlẹ̀, Zechariah a rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń bẹ òkú.” Ó tún ń mutí. Bí ọtí bá ti wọ̀ ọ́ lára, ọwọ́ rẹ̀ a yá láti lu ìyàwó rẹ̀, Zipporah.

Ní ọdún 1959, ibà mú ọmọ wọn. Zipporah gbé e lọ fún àdúrà láìsọ fún un. Nígbà tí Zechariah gbọ́, ó yọ ọmọ odó ó sì fi ṣẹ́ obìnrin náà lápá. Zipporah gbé ọmọ rẹ̀, ó sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Zechariah lọ bá a níbẹ̀. Ó ti mu ògógóró. Ó ta àbẹ́là dànù, ó fọ́ ìgò omi àdúrà mọ́lẹ̀, ó fi irun orí wọ́ Zipporah láàárín àwọn obìnrin. Bàbá rẹ̀ wá dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn.

“Zechariah, fi í sílẹ̀.”

Láti kékeré ni Zechariah ti ń bẹ̀rù ohùn yẹn. Lọ́jọ́ náà, ó kọ̀ láti bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ó fa agogo irin tí wọ́n fi ń pe àdúrà yọ lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un dání, ó gbé e, ó là á mọ́ bàbá rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ orí. Ó tún là á mọ́ ọn. Bàbá ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn jáde láti etí rẹ̀, sùtánà funfun di pupa.

Àwọn géńdé ìjọ bo Zechariah bí ìjàlọ. Wọ́n fọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀, ẹnì kan sì gbé òkúta ńlá sókè sí orí rẹ̀. Nígbà náà ni bàbá tí ó wà nílẹ̀ la ẹnu tí ó kún fún ẹ̀jẹ̀.

“Ẹ má pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni.”

Lẹ́yìn èyí, kò mira mọ́.

Àwọn ọlọ́pàá ti Zechariah mọ́lé. Hezekiah, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tí wọ́n jọ ń kọ́ni, ni ó kọ́kọ́ wá wò ó.

“Ṣé ó ti kú?” Zechariah béèrè.

“Kò kú. Ó wà ní ọsibítù, kò tíì lajú.”

Zechariah wo ọwọ́ rẹ̀. “Mo máa ń sọ pé ẹ̀bi bàbá tí a pa ni ó bí Ọlọ́run. Ẹ̀bi ọ̀hún rèé, ó jókòó tì mí. Kò bí nǹkan kan. Ó kàn ń jẹ mí ni.”

“Èmi náà ka ìwé yẹn,” ni Hezekiah wí. “Pé ọmọ lè fẹ́ pa bàbá rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ti jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n òkú ni bàbá tí ó wà nínú ìwé náà, òkú kò sì lè dárí ji ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run tí èmi mọ̀ wà láàyè. Àwa ni a kan Ọmọ rẹ̀ mọ́gi. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń dà, ó ń bẹ Baba rẹ̀ kí ó dárí ji àwa tí a ń pa á.”

Ohùn bàbá rẹ̀ padà sí Zechariah létí: *Ẹ má pa á.* Ó dojú bo ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ó sì ké bí ẹran tí wọ́n ń dú. “Jésù, apànìyàn ni mí! Gbà mí!”

Bàbá Adédoyin yè, ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ di. Ó bẹ adájọ́ títí, síbẹ̀ Zechariah ṣẹ̀wọ̀n. Nínú ẹ̀wọ̀n ni bàbá ti lọ bá a, tí ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Nígbà tí Zechariah jáde, ó fẹ́ dáná sun àwọn ìwé rẹ̀. Hezekiah ní, “Fi wọ́n sílẹ̀. Ìwé kọ́ ni ó gbé agogo.” Zipporah kò sáré padà sílé. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní ìlú Awa ni òun àti ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ti yá wà, Zechariah a sì máa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láti tọrọ àforíjì, títí obìnrin náà fi gbà láti jókòó gbọ́ ọ.

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí ńkọ́? Bóyá o kò ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tí o ti ṣe, o sì mọ ẹni tí o ṣe é sí. Kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó ń dá ọ dúró, kì í sì í ṣe ìmọ̀ ìwé. O kàn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jọba lórí rẹ ni. Ẹni tí o ń sá fún kò gbé òkúta sókè sí ọ. Ọwọ́ tí a fi ìṣó gún ni ó nà sí ọ. Gbé ìwé yìí sílẹ̀ nísinsìnyí, kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o pè é. Yóò dáhùn kí o tó dìde.