Oorun Ọ̀sán

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà kò sì dára létí. Ọmọbìnrin náà gbé ojú kúrò nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀ lórí ẹní. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí kì í jókòó lójú kan, òun ló nà gbalaja yìí.

Ọmọ tó ní ọ́tísìmù ni, ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀nà tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Òun àti oorun kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí gbogbo ilé bá ń hanrun, òun a máa sáré yí tábìlì ká, a sì máa rẹ́rìn-ín. Dókítà ọmọdé ti sọ pé sùúrù loògùn rẹ̀: kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́ lásìkò kan náà, kí wọ́n dín iná kù, kí ariwo rọlẹ̀, kí wọ́n má sì fún un ní oògùn kankan láìbéèrè. Ó ti ń so èso díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣekágbá di ọ̀la, àìsùn sì ti sọ ojú ọmọbìnrin náà di pípọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló gbà á nímọ̀ràn pé oògùn ikọ́ àwọn àgbà a máa múni sùn fọnfọn. Lọ́sàn-án yìí, ọmọbìnrin náà fún àbúrò rẹ̀ ní ṣíbí kan. Nígbà tí kò tètè sùn, ó bù sí i léraléra.

Fóònù dún. Ìyá wọn ló ń pè láti ilé ìfọṣọ tó ti ń lọ aṣọ oníbàárà. Nínú ilé wọn, kò sí ìròyìn ayọ̀ tó ju "Ó ti sùn" lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ a máa yọ́ rìn bí olè. Ohun tí ọmọbìnrin náà sọ nìyẹn.

Ara fu ìyá rẹ̀. "Lọ́sàn-án? Kí lo fún un?"

"Mi ò fún un ní nǹkan kan, Màámi."

Irọ́ ti jáde. Ó kúnlẹ̀, ó mi ọmọ náà. Orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ètè rẹ̀ ti ń dúdú, èémí rẹ̀ a wá, a dúró, a tún wá. Ẹ̀rù bà á, fóònù ṣì wà létí rẹ̀. Bó bá jẹ́wọ́, ojú yóò tì í. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Tara àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ dákẹ́ yìí.

"Màámi, irọ́ ni mo pa. Oògùn ikọ́ ni mo fún un, mo sì bù ú léraléra."

Ìyá rẹ̀ kò bú u. Ó ní kó tẹ́ ọmọ náà kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó mú ìgò oògùn náà dání, kó ké sí awakọ̀ tó ń gbé òdìkejì òpópónà. Awakọ̀ náà sá eré débẹ̀, ó sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ràn án lọ́wọ́ láti mí nílé ìwòsàn. Dókítà ní bí wọn ò bá tètè sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti bọ́ sórí. Agbára káká lọmọ náà fi yè. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ó parí, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọmọbìnrin náà wà.

Láti ìgbà náà, ọmọ yìí kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́, ì báà ṣe omi. Oorun tó ti ń bá a rẹ́ náà tún sá lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n padà sí. Èyí dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju ìdánwò lọ.

"Ká ní o sọ fún mi pé ó ti rẹ̀ ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí, "ǹ bá ti wá sílé."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹrù bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ ké sí àgbà kó bá yín gbé e. Oorun tí a bá fi túláàsì mú wá, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò gbé ọmọ dé.