Irin Tí Euloge Kò Bẹ̀rù

Ọkùnrin mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí tí wọ́n ní ẹ̀rọ irin wà nínú rẹ̀. Wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n sì fi gbogbo agbára gbé e. Òkúta ni wọ́n ń gbé jẹun ní Onigbolo, wọn kò mọ bí a ti ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ gbé nǹkan. Àpótí fò sókè bí adìyẹ tí a lé. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣubú sẹ́yìn, gbìì! ẹsẹ̀ wọn ń jà lókè.

Eruku sọ. Èrò tó kún àgbàlá Maxime ní Pobè pariwo yèè. Láàárín ariwo yẹn ni ojú Maxime ṣe kòńgẹ́ ojú ọmọbìnrin kan tí kò rí rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ẹyinjú rẹ̀ ń dán bí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ọkàn Maxime yí bìrí lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbàgbé pé òun gan-an ni wọ́n lù ní jìbìtì.

"Mùsíyé Maxime," ọmọbìnrin náà wí, "igi ni."

Ó yọ òòfà nínú àpò, ó fi kan ẹ̀rọ tó yọjú láti inú àpótí tó fọ́. Òòfà jábọ́. Ó fi èékánná ha á. Ọ̀dà fàdákà ṣí, igi àràbà funfun báláú yọjú.

Olùkọ́ ìṣirò ni Maxime. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Àìkú, inú ahéré ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló máa ń wà, tí á máa rẹ́ irin, tí á máa lu irin, fún ìgbádùn lásán. Túù ló kù tí kò ní, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gé e róbótó. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Euloge wá láti Sakété, ó ní òun ní túù kan tó la òkun kọjá. Alùpùpù tí bàbá Maxime fi sílẹ̀ kó tó kú ló gbà fi ṣe pààrọ̀. Maxime àti bàbá rẹ̀ ló jọ fi páìpù idẹ ṣe fèrè alùpùpù náà, ó sì ń ké bí ewúrẹ́. Ohùn yẹn nìkan ló kù fún Maxime lára bàbá rẹ̀.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé àpótí náà wá. Wọ́n ń gbin, wọ́n ń làágùn, ọ̀kan tilẹ̀ ń pe ìyá rẹ̀.

"Ó ti rẹ irin yìí," Euloge wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méje, kí Ògún sinmi. Ẹ ṣáà máa ta epo sí i."

Ta ni yóò jiyàn? Ní Pobè, irin tuntun kì í wọlé láìta epo sí i. Àràárọ̀ ni Maxime ń ta epo sórí àpótí, tó sì ń kí i pé ẹ kú ìsinmi. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ó pe àwọn ọkùnrin Onigbolo kí wọ́n wá gbé e wọ ahéré.

Marcelline ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ó ń ta lìímù tí wọ́n fi ń rẹ́ irin ní Sakété, Maxime sì ti ránṣẹ́ sí i pé kó kó mẹ́ta wá.

"Mo lè fi wọ́n rán zémìjàn," ó wí, "ṣùgbọ́n Euloge ra agolo ọ̀dà fàdákà mẹ́jọ lọ́wọ́ mi. Lánàá, ó gun alùpùpù kan kọjá, fèrè rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ra túù lọ́wọ́ rẹ̀, ara mi ò balẹ̀."

Maxime kọ lẹ́tà kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó kọ ọ́, ó ya á, ó tún un kọ. Ó fi í sí àpò àyà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gun zémìjàn Wilfried, alùpùpù tó fi ń kó èrò, lọ sí Sakété láti wá Euloge. Wilfried wà níwájú, Marcelline wà láàárín, Maxime wà lẹ́yìn pẹ̀lú túù lórí.

"Ẹ̀gbọ́n!" ẹnìkan tó rò pé irin ló rù kígbe nínú ọjà Sakété. "Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Gàrí," Maxime dáhùn.

Ìyá kan sáré gbé omi wá fún un. Àwọn ọkùnrin bọ́ fìlà.

Maxime rọra ní, "Marcelline, mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ fún—"

Mẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Òun nìyẹn! Euloge ló gun alùpùpù náà gba ẹ̀yìn ọjà kọjá. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹ̀rọ rẹ̀ lórí ènìyàn, ó sì yà sáàárín àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n so fún títà. Fèrè ké, ewúrẹ́ dáhùn. Wilfried bẹ́ sílẹ̀, ó di ẹnìkan mú lẹ́yìn àgbá.

"Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́!"

Òbúkọ ni. Olówó rẹ̀ sì fẹ́ mọ ohun tí òbúkọ ṣe.

Nígbà tí wọ́n fi máa bẹ̀bẹ̀ tán, Euloge ti já sí ọ̀nà Aguidi.

"Ẹ má sáré," Maxime wí. "Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan wà lọ́nà yẹn. Alùpùpù yìí kì í gun òkè. Bàbá mi pàápàá máa ń sọ̀kalẹ̀ tì í ni."

Òótọ́ ni. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni wọ́n bá Euloge, ó ń ti alùpùpù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn àgbẹ̀ yí i ká. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Brice, tó ti ń tẹ̀ lé ariwo bọ̀ láti ọjà, dé bá wọn.

"Ìwọ lo ta igi yìí fún un?"

"Irin ni, ọ̀gá. Irin fúyẹ́. Ti ìgbàlódé."

"O mọ̀ pé igi ni?"

"N kò mọ̀! Bí mo ṣe rà á ni mo ṣe tà á. Mo lè búra."

Àgbẹ̀dẹ Bàbá Zacharie tó ń rọ irin kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. Wọ́n wọ́ ọ lọ síbẹ̀. Bàbá gba ọ̀kan nínú lìímù Marcelline, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó ta epo sí i.

"Fi ahọ́n kàn án. Sọ pé bí o bá mọ̀, kí Ògún pa ọ́."

Euloge fà sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ dákun, kì í ṣe ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ tí mo tà búra. Irin ńlá ló yẹ ọ̀rọ̀ ńlá!"

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn, ó ti fò mọ́ túù. Ó gbá ìgò epo dànù, epo rọ́ lu àyà Maxime. Ó dì mọ́ ẹ̀rọ náà bí ọkọ tó ti ìrìn àjò dé, ó sì lá a láti orí dé ìdí.

"Bí mo bá mọ̀, kí irin yìí pa mí!"

Marcelline rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mùsíyé Euloge, ẹ bẹ̀rù irin tó tó ìka. Kí ló dé tí irin tó tó àgùntàn kò bà yín lẹ́rù?"

Euloge la ẹnu láti fèsì. Ahọ́n rẹ̀ ń dán bí fàdákà.

"Yé!" Wilfried kígbe. "Ó ti di ṣíbí!"

Euloge wólẹ̀ sórí orúnkún.

"Agbẹ́gilére ni mí. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mò ń gbẹ́, kò sẹ́ni tó ń rà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ̀rọ kan wò, wọ́n ní ó dára."

"Àwọn mẹ́rin tó ń gbin ńkọ́?" Brice bi í.

"Oníjó ni wọ́n, ọ̀gá. Wọ́n mọ bí a ti ń gbé ohun tó fúyẹ́ bí ẹni pé ó wúwo." Ó yíjú sí Maxime, omi lé lójú rẹ̀. "Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi gbẹ́ ẹ! Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ wò, ó ń yí."

Bàbá Zacharie yí i. Ó yí lóòótọ́.

"Ó kúkú mọ iṣẹ́," bàbá wí. "Ẹ mú un lọ."

Brice mú un lọ. Maxime gun orí alùpùpù bàbá rẹ̀, ó fọn fèrè. Mẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Gbogbo ewúrẹ́ Aguidi dáhùn, omijé sì bọ́ lójú Maxime níwájú èrò, kò tilẹ̀ nù ún.

Marcelline gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fẹ́ máa lọ. Maxime fi ọwọ́ bọ àpò àyà. Lẹ́tà náà ti rẹ gbingbin sínú epo, ó pupa, bébà ti di bíi dígí. Ojú tì í. Síbẹ̀ ó nà án sí i.

Marcelline fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò já a. Ó gbé e sókè kí oòrùn lè là á kọjá, ó sì kà á bẹ́ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé ìfẹ́ yín wúwo ju irin lọ," ó wí. "Mùsíyé Maxime, n kò ní dúró di ọjọ́ méje kí n tó gbé e wò."