Ibùdó Òkè-Ìṣàn Kò Ní Ọ́fíìsì

Ibùdó Òkè-Ìṣàn kì í gbẹ́yìn. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí iye omi rẹ̀ á ti dé orí kọ̀ǹpútà mi ní Kábà, nígbà tí àwọn ibùdó yòókù létí odò Ọya ò tíì sọ nǹkan kan. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ kì í sùn.

Ọ́fíìsì mẹ́ta la jọ ń pín ìròyìn odò náà: àwa tí à ń kìlọ̀ omíyalé, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, àti àwọn onídámù. Kálukú ló ní ibùdó tirẹ̀ tó fi ń wọn omi. Wọ́n á fi iye ránṣẹ́, màá dáhùn pé, "Mo gbà," màá sì pín in fún gbogbo wa. Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn. Àwọn àgbà Bùnú, ilẹ̀ wa, ní òfin tiwọn létí odò: bí ohùn kan bá pè ọ́ láti ojú omi, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ ẹ. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ ta ló ń rántí ìyẹn nídìí kọ̀ǹpútà?

Lọ́jọ́ kan, Òkè-Ìṣàn kọ̀wé pé bátìrì ń kú lọ, ká rán ẹnì kan wá. Mo rán Ọlábímtán, bàbá Praise, ọkọ mi, torí òun ló ń tún ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa ṣe. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí Praise jẹ ẹran òun tán.

Lọ́sàn-án, Tájù tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú omi wọlé wá.

"Okun o, Mọ́mì Praise."

"Okun, Tájù. Sọ fún ọ̀gá yín pé a ti ń bá wọn pààrọ̀ bátìrì Òkè-Ìṣàn o."

Ó wò mí. "Ṣé tiyín kọ́ ni?"

"Tiwa kẹ̀? Tiyín ni."

"Wàlláhì, àwa rò pé tiyín ni."

A pe àwọn onídámù. Obìnrin tó gbé fóònù rọra ní àwọn ò ní nǹkan kan níbẹ̀, pé àwa làwọn rò pé a ni ín. Mo sáré jáde síta, mo pe ọkọ mi.

Ó gbé e. Mo ń gbọ́ omi, mo sì ń gbọ́ ẹnì kan tó ń ka iye jẹ́jẹ́.

"Mo ti débẹ̀," ó ní. "Bàbá kan ló ń fi igi wọn omi. Aṣọ rẹ̀ tutù rinrin."

"Bàbá Praise, ẹ máa bọ̀ nílé."

"Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń pe èèyàn, ìwọ nìkan lo dáhùn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbí, àfi kí ẹlòmíràn dé. Ó ti gbé igi náà fún mi. Ó ti ń lọ."

Ọ̀kadà rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí létí odò. Wọn ò rí ibùdó kankan. Mi ò sọ ohun tí mo gbọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ta ló máa gbà á gbọ́? Láti ìgbà náà, Òkè-Ìṣàn ṣì ń fi iye omi ránṣẹ́ ní ìdájí, orúkọ ọkọ mi ló sì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Praise ń béèrè bàbá rẹ̀ títí ó fi ń sùn.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn iye omi náà: "Òtútù ń mú mi. Ẹ rán ẹnì kan wá."

Mo ṣì ń wò ó nígbà tí Tájù wọlé. Bàrákàt, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Oorun ò tíì dá lójú Tájù. Ó ní ọ̀rọ̀ bàbá Praise ò jẹ́ kóun gbádùn, pé ọkọ̀ ọ́fíìsì àwọn wà nílẹ̀, kí n jẹ́ kóun lọ wá a.

Mo yí kọ̀ǹpútà kúrò lójú rẹ̀.

Mo ní kó tètè máa lọ, kí oòrùn tó mú.