Kó Kọ́kọ́ Lóyún Ná

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà láàrin àwọn aboyún nílé ìwòsàn kékeré kan ní Inísà láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun ló sì ń jó jù. Ọlásúnkànmí, wẹ́dà tó ń ṣe ilẹ̀kùn irin ní Ìkìrun, ló sin àbúrò rẹ̀ tó lóyún wá. Bí Nọ́ọ̀sì Túnráyọ̀ ṣe dá orin, ló gbè é, tó ń mi ìdí bí aboyún.

"Bọ̀dá, oṣù mélòó ni tiyín?"

"Ẹ bá mi kà á, Nọ́ọ̀sì."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, àbúrò rẹ̀ kò ráyè dá wá síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìfẹ́ wọ òun àti Ọlásúnkànmí lára, Túnráyọ̀ kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ti lọ́kọ rí ní Òkukù. Nígbà tí kò bímọ, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta. Gbogbo àyẹ̀wò ló ṣe, wọn ò rí àléébù kankan. Ọkọ rẹ̀ kò ṣe ẹyọ kan. Ó ní ọkùnrin kì í yàgàn.

Ìyá Ọlásúnkànmí gbọ́, ó mi orí. "Kó kọ́kọ́ lóyún ná, ká tó mú ọjọ́ ìdána."

Nígbà tí Ọlásúnkànmí jíṣẹ́ yìí, Túnráyọ̀ kọ̀ jálẹ̀.

"Ṣé àgbàdo ni mí, tí wọ́n á ṣí wò kí wọ́n tó rà? Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fáwọn obìnrin pé ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ẹrù obìnrin nìkan. Mi ò ní torí ìfẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi mì. Máa lọ, Ọlá mi."

Ìgbà tó lọ tán ni Túnráyọ̀ tó sunkún.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ọlásúnkànmí tó padà wá, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀. Ó ti lọ ṣàyẹ̀wò ara rẹ̀ l'Óṣogbo.

"Dókítà ní àtọ̀ mi ò pọ̀ tó. Ìtọ́jú wà, ṣùgbọ́n wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Mo ti sọ fún Màmá. Tó o bá ní o ò ṣe mọ́, mi ò ní bínú."

Túnráyọ̀ wò ó títí. Ọkùnrin wo ló ń jẹ́wọ́ irú èyí fún ìyá rẹ̀?

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ ni mo wá fẹ́? Ìwọ ni mo fẹ́. Tọ́mọ bá dé, a ó kí i káàbọ̀. Tí ò bá dé, ìwọ ni wàá máa jẹ ẹran tiẹ̀."

Ọlásúnkànmí rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá Ọlásúnkànmí fúnra rẹ̀ wọkọ̀ wá sí Inísà.

"Ìyàwó mi, ohun tí ìyá ọkọ tèmi sọ fún mi nìyẹn, mo sì sunkún rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti gbàgbé bó ṣe dùn mí tó. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká mú ọjọ́."

Túnráyọ̀ fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá náà tètè di apá rẹ̀ mú.

"Má kúnlẹ̀. Wá jókòó tì mí."

Ó sì jókòó tì í.