Mo Kàn Béèrè Ni

"Jókòó tì mí, kí o máa wò ó bí mo ṣe ń tú u," ni Dókítà wí. Fóònù ni Dókítà àdúgbò wa ń wò sàn, kì í ṣe ènìyàn, kì í sì í tú fóònù lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Èmi ló ń kánjú.

"Ẹ máa ṣe é, bọ̀dá, mo ń bọ̀," ni mo wí, mo sì bá tèmi lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, àwòrán kan tó wà nínú fóònù mi yẹn, níbi tí mo ti sùn lọ fọnfọn, tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu mi, ti dé ọwọ́ gbogbo kíláàsì wa. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Inú bí mi, mo ya àwòrán ṣọ́ọ̀bù Dókítà, mo gbé e sórí ìkànnì àdúgbò, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀yin òbí, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó ń yẹ inú fóònù àwọn ọmọbìnrin yín wò?"

N kò kúkú dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa mú mi nítorí ìbéèrè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti ní ó pẹ́ tí òun ti ń fura sí i. Ẹlòmíràn ní ojú amí ló ní. Bí Dókítà ṣe di Amí nìyẹn. Ìyá mi pàápàá kìlọ̀ fún mi pé, "Má jẹ́ kí n rí ẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù Amí o!"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àbúrò mi kúnlẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Èmi ni mo fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kí ẹ tó gbé fóònù yín lọ tún ṣe. Eré ni mo fi ṣe."

Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù. Dókítà ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú páálí.

"Bọ̀dá, ẹ dárí jì mí. Mo kàn béèrè ni."

"Ta lo bi léèrè?" Kò wojú mi. "Àga tí mo ní kí o jókòó sí nìyí. Èmi kọ́ lo bi."

Mo kọ gbogbo òótọ́ náà sórí ìkànnì, mo dárúkọ ara mi. Ènìyàn mọ́kànlá péré ló kà á. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Èló ló fún ẹ?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ tèmi bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ti di títì pa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá bi gbogbo ayé ní ohun tí ẹ kò bi ẹni tó kàn, ẹjọ́ lẹ ti dá fún un yẹn.

Ìyá mi ka òótọ́ náà látòkè délẹ̀. Amí ló ṣì ń pè é.